Ẹni Tó Dúró Nísàlẹ̀ Àkàbà

"Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ǹjẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pa á, àti ohun tó fà á? Àkàbà kan ló fà á, àti obìnrin kan tí kì í fi nǹkan ṣòfò.

Lọ́jọ́ náà, Ẹfúnṣẹ̀yẹ ru àkàbà ilé ìdáná rẹ̀ sórí, ó ń sáré la àárín ìlú kọjá. Epo kùn ún lẹ́sẹ̀ dé orúnkún, nítorí inú ẹkù tó ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ni wọ́n ti wá sọ fún un pé Baálẹ̀ fẹ́ dájọ́. Kò dúró ṣan ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì.

"Ìyá, ṣé ọ̀run lẹ fẹ́ gùn ni?"

"Ilé Baálẹ̀ ni. Yà fún mi!"

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Bó bá fi lè wọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, nígbà tí obìnrin yìí kò sí nílé, wọ́n jí ìkòkò epo ńlá kan gbé lórí àjà rẹ̀. Iṣẹ́ odindi ẹ̀rùn kan ló wà nínú ìkòkò náà. Ilé Bámgbádé ni wọ́n ti rí i. Ọkùnrin alágbádá ńlá, ẹlẹ́nu dídùn ni Bámgbádé. Kíá ló nàka sí Ọdẹ́gbàmí, akọpẹ tó ti ń kọ ẹyìn fún Ẹfúnṣẹ̀yẹ láti ọdún méjìlá. Ọdẹ́gbàmí sunkún, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun gun àjà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì làwọn jọ ṣe é. Òfin ìlú náà kò sì ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tó bá mú ohun olóhun kúrò níbi tó wà ni olè, olè kò sì gbọdọ̀ sun ìlú náà mọ́jú.

Nígbà tí Ẹfúnṣẹ̀yẹ fi dé ọ̀hún, Bámgbádé wà lórí ìdúró, ó ń da ìbéèrè bo àwọn ìjòyè.

"Ẹ̀yin àgbà, mo bi yín. Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ mi kan àkàbà? Ǹjẹ́ ọwọ́ mi dé orí àjà? Ìta gbangba ni mo wà. Mò ń kọjá lọ ni, ó ní kí n bá òun gba ẹrù, mo gbà á. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, mo tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà wo ni oore ti di olè?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn lójú. Òfin kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó gba nǹkan. Baálẹ̀ ti na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀ láti lé Ọdẹ́gbàmí nìkan jáde, nígbà tí àkàbà balẹ̀, gbì!

"Baálẹ̀, ẹ forí jì mí. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀."

Bámgbádé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá elépo dé! Epo rẹ ti padà sílé, olè ti jẹ́wọ́. Kí lo tún ń wá?"

"Oorun ni mò ń wá. Bí wọ́n bá lé akọpẹ yìí lọ lónìí tí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀, ọ̀la ni wàá rí akọpẹ mìíràn. Mi ò ní í máa tẹ ẹyìn fún ọ títí ayé mi." Ó yíjú sí Baálẹ̀. "Ẹ yá mi ní àjà ilé ìdáná yín. Kò ní pẹ́."

Baálẹ̀ gbà. Wọ́n gbé àkàbà ti àjà, wọ́n gbé òfìfo ìkòkò sórí àjà náà, àwọn obìnrin sì ń fi igbá pọn omi sókè títí ó fi kún. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe epo: igbá la fi ń pọn ọ́n sókè, igbá la fi ń bù ú sọ̀ kalẹ̀.

"Ọdẹ́gbàmí, gùn ún. Kí ìwọ nìkan gbé ìkòkò yẹn sọ̀. Bó bá délẹ̀ ní kíkún, kí Bámgbádé máa lọ sílé."

"Irọ́ ni!" Bámgbádé pariwo. "Ó máa mọ̀ọ́mọ̀ dà á nù!"

"Òótọ́ lo sọ. Nítorí náà, ìwọ gùn ún."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Ìtìjú kò jẹ́ kó lè kọ̀. Ó bọ́ agbádá, ó gun àkàbà, ó gbá ìkòkò mọ́ra, ó wá ń fi ẹsẹ̀ wá ipele àkàbà lẹ́yìn. Kò rí i. Ọwọ́ méjèèjì wà lára ìkòkò, kò sí èyí tí yóò di àkàbà mú. Ìkòkò fì, omi dà sí i láyà. Ni Bámgbádé bá figbe ta:

"Ẹ gbà á o! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi gbà á!"

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta sáré síwájú. Ẹfúnṣẹ̀yẹ na apá, ó dá wọn dúró.

"Kò sẹ́ni tí yóò gbà á. Ìta gbangba la wà, à ń kọjá lọ ni. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbà á, kí lo máa ṣe sí i?"

"Màá dá a padà sórí àjà ni! Kí ni mo tún lè ṣe?"

Gbogbo agboolé gbọ́ ọ. Bámgbádé pàápàá gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó rọra ti ìkòkò padà sórí àjà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìgbà náà ni ariwo ta, tí àwọn ọmọdé ń fò sókè, tí àwọn àgbà ń pàtẹ́wọ́.

Baálẹ̀ dìde. "Ẹ ti gbọ́ ọ. Bí kò bá sí ẹni tó gbà á, orí àjà ni epo ì bá wà. Ẹni tó wà lókè ti há. Ẹni tó wà nílẹ̀ ló lè máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, tó lè figbe ta, tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bámgbádé, oòrùn ò tíì wọ̀, máa lọ. Ọdẹ́gbàmí, olè ni ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ nìkan kọ́ ló mú epo kúrò níbi tó wà, ìlú ò lé ọ. Ìwọ ni yóò tẹ ẹyìn obìnrin yìí ní ẹ̀rùn tó ń bọ̀, láìgba nǹkan kan."

Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ẹfúnṣẹ̀yẹ. "Ìyá, ẹ ṣeun."

"Dìde, má fi ọjọ́ ṣòfò. Ẹyìn mi ń tutù nínú ẹkù."

Ó ru àkàbà rẹ̀ sórí, ó kọrí sílé, kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá ra ohun tó mọ̀ pé wọ́n jí, ẹni tó bá olè tọ́jú ẹrù, tàbí ẹni tó ń jẹ nínú ìwà ibi tó ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Bí wọ́n bá ti pa á, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: bí ìwọ kò bá na ọwọ́, ẹni tó wà lókè ì bá dá a padà.