Orí Tí Fádà Básílì Fẹ́ Fi Búra

Ìjọba tó fi ìbọn gba ìlú kì í sùn, àfi kí a tún fi ẹnu yọ̀ǹda ìlú fún un. Ọ̀gágun Láṣebìkan, aṣojú Ìjọba Àyípadà, to àwọn fádà Àgùdà mẹ́ta síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n búra pé ìjọba làwọn ń sìn, kì í ṣe Póòpù, tàbí kí wọ́n kú. Méjì kọ̀, àwọn ṣọ́jà rẹ̀ sì yìnbọn pa wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí. Ó wá ku Fádà Básílì, arúgbó tí eyín rẹ̀ ò pé. "Màá búra, ọ̀gá. Àmọ́ kí ni n ó fi búra? Ẹ ní kò sí Ọlọ́run, ẹ sì ti da Ògún sódò. Ìbúra tí kò lè pa èèyàn, ṣé ìbúra ni?" "Fi ohun tó bá wù ọ́ búra." Fádà bá gbé ọwọ́ lé fìlà ọ̀gágun: "Mo fi orí Láṣebìkan búra. Bí mo bá dalẹ̀ ìjọba yìí, kí ìbúra náà pa á." Ọ̀gágun tí kò gbà pé nǹkan kan wà lọ́run ti fò sẹ́yìn. "Fi orí bàbá ẹ búra." "Bàbá mi ti kú, ọ̀gá. Kí ló kù tí yóò pa?" Àwọn ṣọ́jà ń wo ilẹ̀. "Ó ti búra," ni ọ̀gágun wí, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Máa lọ." Fádà ò lọ. "Ẹ yá mi ní ṣọ́bìrì, ọ̀gá. Àwọn méjì tí kò búra ṣì wà nílẹ̀."