Àyè Ẹní Kan

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnyẹmí bí. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọkọ sì ti fẹ́ ẹ lọ sí ìlú tí ó jìnnà, tí èèyàn gbọ́dọ̀ sùn lọ́nà kí ó tó dé ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ Ẹfúnyẹmí, ahunṣọ tí òfì rẹ̀ kì í dákẹ́, wà láyé, yàrá mẹ́ta ni wọ́n ní nínú agbo ilé. Ọkùnrin náà kú. Erùpẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ tí Látẹ́jú, àbúrò rẹ̀, fi wá ń wí pé òun ni yóò ṣú opó náà. Ẹfúnyẹmí ní òun kò fẹ́. Wọn kò nà án, wọn kò bú u. Yàrá ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi ku yàrá kótópó tí ọkọ rẹ̀ ń kó òwú sí. Gbogbo agbo ilé rí i. Kò sí ẹni tí ó la ẹnu.

Inú yàrá kótópó yìí ni obìnrin náà kó ẹrù yàrá mẹ́ta sí, ó sì wá àyè fún gbogbo rẹ̀. Ìkòkò kékeré wọ inú ìkòkò ńlá. Igbá àti akèrègbè wọ inú àwọ̀n, ó so wọ́n rọ̀ mọ́ igi àjà. Ó dojú odó dé, odó di àga. Ọmọ odó fara ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ aṣọ gun orí àpótí. Bí ó bá na ọwọ́ nínú òkùnkùn, ohun tí ó ń wá gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ yóò bà. Àwọn obìnrin ilé a máa yọjú wò ó, wọn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Àwẹ̀ró, bí o bá fẹ́ sùn, ṣé kì í ṣe inú igbá lo ń ká ẹsẹ̀ rẹ sí?"

Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn kò béèrè ni ìdí tí àárín ilẹ̀ fi ṣófo. Àyè ẹní kan ni. Àràárọ̀ ni ó ń gbá a, tí ó sì ń fi ewé pa á títí yóò fi dán, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sùn síbẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó ń ká orúnkún sí. Nínú agbo ilé wọn, ilé ìyá ni ọmọbìnrin ti ń bí àkọ́bí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àwẹ̀ró lọ sílé ọkọ ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣọ́ ilẹ̀ yẹn fún un. Nígbà mìíràn, bí iṣẹ́ bá tán, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, bí ìgbà tí a bá ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

Nígbà tí ó yá, oníṣòwò kan ti ọ̀nà ìlú náà bọ̀, ó jíṣẹ́ fún un.

"Ọmọ yín ní kí n sọ fún yín pé oṣù òun ti ń pé, òun ń bọ̀. Ó ní omi tí yóò kọ́kọ́ kan ọmọ òun lára, ọwọ́ yín ni kí ó ti wá."

Ẹfúnyẹmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó lọ tán, ó tún gbá ilẹ̀ tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Látẹ́jú. Ó mọ̀ pé bí ọmọ ilé bá fi lè wọlé wá bímọ, kò sí bí a ṣe tún lè lé ìyá rẹ̀ jáde mọ́. Ó dúró kí Ẹfúnyẹmí lọ pọnmi, ó sì ní kí wọ́n kó ọ̀pó òfì, ìdì òwú, iṣu àti ilẹ̀kùn fífọ́ kún yàrá náà. Kí obìnrin náà tó padà, ẹrù ti dé àtẹ́rígbà. Ó sọ omi kalẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Baálé lọ.

"Bàbá, ẹ wá fi ojú ara yín rí i."

Baálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn. Látẹ́jú ti wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ilé há. Èmi kọ́ ni mo ní kí ó há. Kí aboyún máa lọ sí abà wa lóko. Ilẹ̀ fẹ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn sì wà."

"Ejò náà wà níbẹ̀, ọkọ mi," ni Ẹfúnyẹmí wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ejò kì í bá aboyún jà."

Baálé kò fẹ́ràn wàhálà. Ó ti ń mi orí bọ̀, ó fẹ́ gbà, ni adìẹ kan bá gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Adìẹ Látẹ́jú ni. Kọ̀rọ̀ yàrá náà ni ó ti ń sàba, ó kàn jáde lọ jẹun nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọlé ni. Ó dúró níwájú ẹrù, ó yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó fò gun iṣu, iṣu yí, ó já bọ́. Ó tẹ ikùn mọ́lẹ̀, ó rá wọ abẹ́ ilẹ̀kùn fífọ́, ìyẹ́ mélòó kan ṣẹ́kù síbẹ̀. Wọ́n rí ìrù rẹ̀, wọn kò rí i mọ́. Láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbọ́ ọ tí ó ń kùn, bí adìẹ ṣe ń kùn bí ó bá ń to ẹyin sábẹ́ àyà.

"Níbo ló gbà?" ni Baálé béèrè.

"Ọkọ mi ló ni ín, Bàbá, ẹ bi í. Ọkọ mi ní kí ọmọ mi máa lọ sí abà. Adìẹ rẹ̀ ní àba ni òun ń lọ."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Ojú Látẹ́jú pọ́n.

"Adìẹ lo wá ń fi wé ènìyàn?"

"Rárá o. Adìẹ ń gbé inú ilé. Ọmọ ènìyàn lẹ ní kó lọ sí oko."

Baálé yíjú sí Látẹ́jú.

"N kò lè gbọ́ ọ níta pé adìẹ rí ọ̀nà wọ ilé wa, ọmọ wa kò rí i. Látẹ́jú, kó ẹrù rẹ."

Kò mẹ́nu kan yàrá méjì tí wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí títí dòní: ẹni tí ó gba púpọ̀ lọ́wọ́ opó, díẹ̀ ni wọ́n ń ní kí ó dá padà, wọn a sì máa pe ìyẹn ní ìdájọ́.

Látẹ́jú fi ẹrù kíkó falẹ̀. Ọ̀pó òfì àti ilẹ̀kùn fífọ́ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Àwẹ̀ró dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí oyún rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ wọ agbo ilé. Ó wo yàrá, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé ibí ni gbogbo rẹ̀?"

"Ibí ni. Fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Gbé ẹsẹ̀ síbí. Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. O ti fẹ́ẹ̀ dé."

Ó di ikùn mú, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, òfì já gèlè rẹ̀ gbà, kò bojú wẹ̀yìn. Ẹní kò tẹ́ tán. Ìyá jókòó sí ibi tí ó ká kò, ó gbé orí ọmọ lé itan.

"Ó há o," ni Àwẹ̀ró wí, oorun sì gbé e lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tí àwọn kan fẹ́ lé kúrò nílé ara rẹ̀ nítorí pé ilé há, ti máa ń wí pé: àyè kì í há adìẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀.