Orin Tí Wọ́n Fi Kí Ìyá Àgbà

Fọlárànmí, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí àwòrán náà, mo sì ti rí gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Jókòó kí n pa àkàwé kan fún ọ, má sì dá sí i títí n ó fi sọ ọ́ tán.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, ní ìlú kékeré kan tó wà láàárín àwọn òkè. Ó lóhùn, ó mọ orin kọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ohùn lé ohùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọjá ojúde ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ìlú náà ní àṣà kan. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, tí ọyẹ́ ti ń la àwọn ènìyàn létè, àwọn akọrin a máa jáde ní ìrọ̀lẹ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọn a kọrin, wọn a gbàdúrà, wọn a jẹ ohun tí onílé bá gbé kalẹ̀, wọn a sì kọjá sí ilé mìíràn. Ilé tí wọ́n máa ń fi kágbá rẹ̀ ni ti ìyá àgbà kan ní Òkè-Ìsàn, ilé onílẹ̀kùn búlúù. Wọ́n ń fi í sí ìgbẹ̀yìn nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹ́ jù. Ìyá náà a ti yan àgbàdo, a ti lọ̀ ọ́, a ti fi epo pò ó, a ti dì í sínú ewé. Àádùn ni, irú èyí tí àgbàlagbà ń jẹ tán tó ń lá ìka láìbojú wẹ̀yìn.

Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni orin náà ti wá. Ìyá àgbà yìí ló ń kọ orin tó fi ń rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kún láyé àtijọ́, olórí akọrin sì gbé ohùn orin náà, ó fi ọ̀rọ̀ Jésù ọmọ tuntun sí i:

Ọyẹ́ ń mú, ta ni yóò pọn ọmọ náà?
Ó ti rẹ ìyá rẹ̀, èmi ni n ó pọ̀n ọ́n.

Orin náà dùn, n kò ní purọ́. Ìyá àgbà sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sétí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìwá kọ ọ́ fún òun. Olórí akọrin dá a lóhùn pé, "Màmá, bí a bá wà láàyè, a ó máa wá."

Wàyí o, ilé iṣẹ́ rédíò kan wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn tó máa ń to àwọn orin Kérésìmesì sí ipò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ènìyàn a máa pè wọ́n ní aago méje ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá pè kò kàn ní dárúkọ orin tó fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó fi orin náà kí. Bí kò bá kí ẹnì kankan, wọn kò ní kà á. Orin tí wọ́n bá fi kí ènìyàn jù lọ ni yóò gba ipò kìíní, wọn a sì kéde rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì.

Orin kan náà ló ń gba ipò yìí lọ́dọọdún. Olórin ńlá kan ní Èkó ló kọ ọ́, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn tí wọ́n pọ̀n jó sí i ti ń pọn ọmọ tiwọn. Bí oṣù Kejìlá bá ti yọjú, orin náà ti dé nìyẹn, bí ẹni tó wá gba ogún bàbá rẹ̀. Nílé epo, òun ni. Nílé onídìrí, òun ni. Níbi tí wọ́n ti ń lọ ata, òun náà ni wọ́n ń yí. Ó sú olórí akọrin débi pé bó bá ti gbọ́ fèrè tó bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, òṣé ni yóò pa.

Ó gbé orin tirẹ̀ lọ sí rédíò. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó wọ ìsàlẹ̀ àtẹ orin wọn. Lọ́dún kejì, ó gba ipò kẹta. Ipò kẹta yìí ló bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbé e jù sẹ́yìn pátápátá ni, ì bá sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbóòórùn ọbẹ̀ kò fẹ́ febi sùn mọ́.

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ó pe ẹgbẹ́ akọrin jọ. Ó ní, "Aago méje tí a máa ń jáde yìí náà ni àkókò ètò rédíò. A ò lè wà níbí ká wà lọ́hùn-ún. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún fóònù. Àwọn àgbà ò kúkú ní sá lọ."

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń péjọ sí àgbàlá rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń pe rédíò. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kí gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀ tán. Ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ kan kí ìyá ìyàwó rẹ̀ tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn kí ewúrẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó fún un lórúkọ ènìyàn. Olórí akọrin rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ di yẹ̀yẹ́. Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n kan sọ sí i nínú, ọgbọ́n tí ì bá sàn kó má sọ.

Ó ní, "Ìyá àgbà Òkè-Ìsàn! Àwọn gan-an ló ni orin. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa fi kí wọn."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Mo fi orin yìí kí ìyá wa ní ilé onílẹ̀kùn búlúù, ní Òkè-Ìsàn." O ò gbọ́ bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ṣe ń gbé e sọ! Ó ní irú ìfẹ́ wo lèyí, ó ní irú ìyá wo lèyí tí odindi ìlú ń kí. Àwọn tí kò mọ Òkè-Ìsàn rí láyé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti ìlú mìíràn, àwọn náà ń kí ìyá onílẹ̀kùn búlúù. Orin náà fo ipò kẹta, ó ń lé orin Èkó bọ̀.

Ìyàwó olórí akọrin wà nínú ẹgbẹ́ náà, olóhùn òkè ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Ìbùkún, a ò tíì dé Òkè-Ìsàn o."

"Kí la fẹ́ débẹ̀ ṣe? Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń kí màmá. Ọba gan-an ò rí irú ìkíni yìí gbà."

"Ṣé wọ́n ní rédíò ni?"

"Ta ni ò ní rédíò láyé tá a wà yìí? Ìwọ náà, o fẹ́ràn àríwísí jù. Gba fóònù, pè kí ètò tó parí."

Obìnrin náà wò ó, ó pòṣé, ó sì pè. Òun náà kí ìyá àgbà. Má ṣe jẹ́ ká di gbogbo rẹ̀ ru ọkọ nìkan: òkè yẹn ga, ọyẹ́ ń fẹ́, fóònù sì wà nítòsí.

Ìrọ̀lẹ́ àṣekágbá dé. Àwọn akọrin wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n kún àgbàlá olórí akọrin. Ó ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta kí àdúgbò lè gbọ́, ó ti ra mínírà sílẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ka àwọn orin náà bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó dárúkọ orin Èkó sí ipò kejì, ariwo ta. Olórí akọrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Kò tíì nu ojú tán tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ní, "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ má lọ. Akẹgbẹ́ mi ti wà ní Òkè-Ìsàn báyìí, lẹ́nu ọ̀nà ìyá tí ẹ kí jù lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn màmá."

Ohùn ọkùnrin kan jáde. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Inú yín á mà dùn o! Orin tí wọ́n fi ń kí yín ti gba ipò kìíní."

"Orin wo?" ni ohùn ìyá àgbà béèrè.

"'Ta ni yóò pọn ọmọ náà,' Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n, orin wa. Wọn ò tíì wá kọ ọ́ lọ́dún yìí. Ṣé ẹ̀yin ni akọrin ni? Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ wọlé, àádùn ń bẹ nílẹ̀."

"Rárá o, Màmá, rédíò ni wá. Ẹ ò máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí yín ni?"

"Rédíò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà òjò. Ìyá kan ní ìsàlẹ̀ sọ fún mi pé àwọn akọrin ń kí mi níbì kan. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn pé mo wà nílé." Ó tún ní, "Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbí ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà rò pé mo ti sùn. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ̀yin náà ẹ bá mi sọ fún wọn. Mo wà nílé."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sáré fi orin náà sí i. Ohùn olórí akọrin fúnra rẹ̀ ló gba gbogbo àdúgbò kan: "Ó ti rẹ ìyá rẹ̀, èmi ni n ó pọ̀n ọ́n."

Ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn? Ìbínú ni. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìyá yìí ti ba òun lórúkọ jẹ́. Bí ènìyàn ṣe máa ń rí nìyẹn, Fọlárànmí. Ẹni tí a ṣẹ̀ la máa ń bínú sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ ti so ìborùn mọ́ ara, ó ti gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ti dé ẹnu géètì. Olóhùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi mínírà sílẹ̀ láìmu.

Fóònù olórí akọrin dún. Rédíò ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ kú oríire, ọ̀gá! Gbogbo ìpínlẹ̀ ń gbọ́ yín báyìí. Ta lẹ fẹ́ kí?"

Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà létè rẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára: mo fi kí ìyá wa ní ilé onílẹ̀kùn búlúù. Kò jáde. Ó gbé fóònù náà lé orí àpótí, ohùn ṣì ń pè é nínú rẹ̀, "Ọ̀gá? Ọ̀gá?" Ó sì sáré tẹ̀ lé àwọn ènìyàn rẹ̀ gun òkè.

Nígbà tó débẹ̀, ìyá àgbà ń pín àádùn. Ó ti gbẹ. Ó ń há àwọn akọrin lọ́fun, wọn kò sì lè kọrin dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà láti tu ú dànù. Ìyá náà na ọwọ́ sí ẹni tó ń bọ̀ lókùnkùn. Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Olórí akọrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó ní, "Èmi ni, Màmá. Mo pẹ́."

Àkàwé mi parí síbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ nítorí olórin, n kò sì sọ ọ́ nítorí rédíò. Rédíò kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìwọ ni mo ń bá wí. O gbé àwòrán bàbá rẹ sórí fóònù láàárọ̀ yìí, o pè é ní akọni, o pè é ní ìmọ́lẹ̀ ayé rẹ, ẹgbàágbèje ènìyàn sì ń bá ọ kí i. O wá ń fi hàn mí kí n lè yìn ọ́. Ta ni wọ́n ń kí? Fóònù bàbá rẹ kì í gbé àwòrán, o sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Àná ni mo yà sílé rẹ̀. Àga méjì ló gbé síta, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó sì fi èkejì sílẹ̀ fún ẹni tó ń retí. Mo fẹ́ jókòó sórí rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fa àpótí.

Dìde. Má tún bá mi ka ohun tí wọ́n kọ. Bàbá rẹ wà nílé.