Ìdí Tí Ògòǹgò Fi Ń Na Apá Bó Bá Ń Sáré

Nígbà láéláé, ògòǹgò a máa fò. Kì í ṣe fífò kékeré o! A máa fò lọ sókè títí àwọn tó wà nílẹ̀ kò ní rí i mọ́.

Láyé ìgbà náà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọba ìlú rẹ̀ ti kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ ní ọ̀dàn kan, Àwẹ̀ró ló sì fi ṣe olùṣọ́ ibẹ̀. Láràárọ̀, a máa sáré yí ọ̀dàn náà ká, kó lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ti dẹ pàkúté síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, iná sọ ní ọ̀dàn. Àwẹ̀ró sáré dé ìtẹ́ Ògòǹgò, ó bá ẹyin méje, ṣùgbọ́n kò bá ìyá wọn. Ìyá ti fò lọ wá omi níbi tó jìnnà. Ẹyin kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ọmọ ìkókó! Àwẹ̀ró tú ìborùn, ó di gbogbo wọn sínú rẹ̀, ó pọ̀n wọ́n, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tó délé, ó tẹ́ òwú sínú agbọ̀n, ó to ẹyin náà sí i, ó gbé e sún mọ́ ààrò. Ó ń fọwọ́ yí wọn padà kí ooru lè kárí wọn. Látúnjí ọkọ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ náà ti di adìyẹ tó ń sàba ni?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, baálé mi. Ẹ ó rí i."

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń fẹ́ná lọ́wọ́, ó gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ nínú agbọ̀n.

"Baálé mi, ẹ wá! Ẹ sáré wá! Wọ́n ń kànkùn!"

Látúnjí ju ọkọ́ tó ń pọ́n sílẹ̀. Èèpo ẹyin sán, ẹnu kékeré kan yọ, orí tẹ̀ lé e, ni ọmọ ògòǹgò bá já bọ́ sórí òwú, ó tutù rinrin. Kí oòrùn tó wọ̀, méjèèje ti pa. Ariwo ayọ̀ gba ilé kan!

Ojú Àwẹ̀ró ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n sì gbà pé ìyá wọn nìyẹn. Bó bá dìde, wọn a dìde. Bó bá jókòó, wọn a jókòó yí i ká. Ó ń gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, ó ń fi ìka sọ ọ́ nílẹ̀ tó, tó, tó, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń ṣá oúnjẹ jẹ. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn le dáadáa, wọ́n ń bá a sáré yí ọ̀dàn ká. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ga jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sáré ní ọ̀dàn, ni Ògòǹgò bá já wálẹ̀ láti òkè.

"Àwẹ̀ró! Kò síbi tí n kò wá àwọn ọmọ mi dé!"

"Iná ni ì bá jó wọn, Ìyá Ògòǹgò. Mo gbà wọ́n là ni. Àwọn ọmọ yín rèé."

Ògòǹgò bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ní ó yá, kí wọ́n máa fò lọ. Wọ́n na apá, wọ́n gbéra díẹ̀, gbì! wọ́n ṣubú. Wọ́n ti wúwo jù. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní fífò nígbà tí ara wọn fúyẹ́.

"O ti ba àwọn ọmọ mi jẹ́!" Ògòǹgò jágbe mọ́ ọn. "Báwo ni wọn ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Òun tí kò lè fò, báwo ni òun ì bá ṣe kọ́ wọn?

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí kìnnìún fi yọ nínú koríko! Ògòǹgò gbéra, Àwẹ̀ró gun igi.

"Ẹ fò!" Ògòǹgò pariwo lókè.

"Ẹ sáré!" Àwẹ̀ró pariwo lórí igi.

Ta ni kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀? Ìyá ni méjèèjì. Wọ́n na apá bí ẹni tó fẹ́ fò, wọ́n sì ki eré mọ́lẹ̀. Eruku sọ lálá! Bí wọ́n bá ṣẹ́rí sọ́tùn-ún, bí wọ́n bá ṣẹ́rí sósì, apá tí wọ́n nà kò jẹ́ kí wọ́n ṣubú. Kìnnìún lé wọn, lé wọn, títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àwẹ̀ró!" Ògòǹgò ń jó lójú ọ̀run. "Ṣé o rí wọn? Ṣé o rí àwọn ọmọ wa?"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní bí wọn kò bá lè bá òun lókè, òun ni yóò wá bá wọn nílẹ̀. Ó ń bá wọn rìn, ó ń bá wọn sáré, títí apá tirẹ̀ náà fi gbàgbé bí a ti ń fò.

Láti ọjọ́ náà ni ògòǹgò kò ti fò mọ́, tí kò sì sí ẹyẹ tó lè bá a sáré. Bí ẹ bá rí i tó ń sá lọ, ẹ wò ó dáadáa: yóò na apá méjèèjì gbalaja. Ọ̀rọ̀ ìyá méjèèjì ló ń gbọ́.