Ọ̀tọ̀ Ni Ó Ti Lọ, Ọ̀tọ̀ Ni Ó Ti Dé

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú. Ní ìlú rẹ̀, ilé ìwòsàn kan wà fún àwọn aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Ọmọ tuntun tí wọ́n bá bí níbẹ̀, wọn a gún un ní gìgísẹ̀, wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ SS ni, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Èsì kì í tètè jáde. Àwọn ìyá a ti oko wá, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yí, wọn a sì gbọ́ pé kí àwọn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn kì í padà wá mọ́.

Wọ́n ké sí ọkùnrin yìí. Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó ṣe ìkànnì kan fún wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti tẹ èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ sínú ìkànnì náà, ìkànnì fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ímeèlì sí òbí ọmọ, yóò sì dá ọjọ́ tí wọn yóò gbé ọmọ wá fún wọn. Ẹni tí kò ní ímeèlì a fi ti àbúrò tàbí ti aládùúgbò sílẹ̀. Bí ìwé bá ti jáde, àmì aláwọ̀ ewé kan a yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ, ohun tí a sì kọ sínú rẹ̀ ni: Ó ti lọ.

Iṣẹ́ náà dára. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Dókítà àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí ń tọ́jú ìwé àwọn ọmọ nìkan ló bi í ní ìbéèrè. Ó ní, "Ẹnjiníà, bí ìwé kan kò bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Mà, ẹ wo àmì yẹn. Ó ti lọ ló wà níbẹ̀."

"Mo rí i. Ó ti dé ni mò ń wá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ní ìsàlẹ̀ ímeèlì kọ̀ọ̀kan, ó ti kọ ọ́ pé: Ẹ̀rọ ló kọ ìwé yìí, ẹ má ṣe fèsì. Àpótí ímeèlì tí àwọn ìwé náà ti ń jáde, òun ló dá a sílẹ̀, òun nìkan ló sì lè ṣí i. Kò ṣí i rí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ òun lẹ́nu.

Ó tó oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà kí ìyá kan tó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Aránṣọ ni ìyá. Ìbídùn ni ọmọ ń jẹ́, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ funfun. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, a figbe ta.

Dókítà wo ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, SS ni ọmọ yín. Láti ìgbà tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ti ń pè yín. Oògùn wà tí ó yẹ kó ti máa lò. Ibo lẹ wà?"

"Ẹ pè mí kẹ̀? Ojoojúmọ́ ni mò ń wo fóònù mi. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo ní ara ọmọ mi dá nìyẹn. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n ṣí ìkànnì. Àmì aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀: ó ti lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo ìyá náà bí ẹni ń wo òpùrọ́. Wọ́n gbé ọmọ wọ yàrá láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà.

Ó dé, àyà rẹ̀ kò já. Ó fi àdírẹ́sì tó wà nínú ìkànnì wé èyí tó wà nínú fóònù ìyá Ìbídùn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ó ní, "Ẹ rí i? Kì í ṣe ẹ̀bi ìkànnì. Ẹni tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ló ṣì í tẹ̀."

Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "A ti gbọ́. Ìwé tí kò bá rí ẹni gbà á, ibo ló máa ń lọ?"

Ọkùnrin náà mọ ibi tó ń lọ. Ṣe ló ń padà. Inú àpótí tí òun kò ṣí rí ló ń padà sí.

Ó ṣí i níwájú wọn. Ìwé irinwó ó lé méjìlá ló bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìwé tó padà nítorí pé àdírẹ́sì kò tọ̀nà. Àwọn yòókù, ènìyàn ló kọ wọ́n. Bàbá kan kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ tí ẹ dá yẹn la ó sìnkú ìyá mi. Ṣé mo lè gbé ọmọ wá lọ́jọ́ kejì?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́. Obìnrin kan kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Kí ni SS?"

Ó kà wọ́n, ojú tì í. Kò dárúkọ ẹni tó ṣì í tẹ̀ mọ́. Ó ní, "Mà, ẹ bá mi wá bébà. Gbogbo ọmọ SS tí ìwé wọn padà, àti àwọn tí òbí wọn kọ̀wé tí a kò dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ ká to orúkọ wọn."

Yàtọ̀ sí Ìbídùn, ọmọ mọ́kàndínlógún ni. Ó fi nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ìwé ilé ìwòsàn wá wọn. Ó rí mọ́kànlá láàárín ọjọ́ méjì. Fóònù àwọn mẹ́jọ tó kù kò lọ. Ó sọ fún àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má retí òun. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà jókòó sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀nà oko pọ̀n. Wọ́n ṣìnà. Òjò pa wọ́n. Wọ́n béèrè nílé ìwé, wọ́n béèrè létí kànga. Wọ́n rí ọmọ mẹ́fà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n dé iwájú ilé kan tí bàbá kan ti ń hun agbọ̀n. Wọ́n béèrè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti lé ní oṣù méjì tí a ti sin ín."

Wọ́n lè kí i kú ara-fẹ́ra-kù, kí wọ́n sì máa lọ. Bàbá náà kò mọ̀ wọ́n rí, kò sì mọ nǹkan kan nípa ìkànnì. Ọkùnrin náà rò ó. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀.

"Bàbá, a ti mọ̀ pé SS ni ọmọ yín kó tó pé oṣù méjì. Ìwé tí ó yẹ kó pè yín kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀dọ̀ mi ló padà sí, n kò sì wò ó. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Bàbá náà gbé agbọ̀n náà sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ní ọmú òun ló pa á. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun gidi. Ẹ dìde. Ẹ wọlé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi fún òun náà."

Ó wọlé, ó sì tún un sọ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Obìnrin náà fi ìborùn bojú, ó sunkún. Kò ní òun dárí jì í, kò sì bú u. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó ní, "Ṣé àwọn ọmọ mìíràn wà tí ìwé wọn kò dé?"

"Wọ́n wà. A ti rí wọn, ó ku ẹyọ kan."

"Kí lẹ wá jókòó ṣe síbí? Ẹ lọ wá a."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tún fi wá a. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ibà ti dá ọmọ náà dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e sáyà lórí ọ̀kadà, wọn kò dúró títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ó yè. Ìbídùn náà yè, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti ń rìn.

Ọkùnrin náà tún ìkànnì ṣe. Ó yọ "ẹ má ṣe fèsì" kúrò. Kò sí àmì aláwọ̀ ewé fún ọmọ kankan mọ́ títí òbí rẹ̀ yóò fi dáhùn. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí ìdáhùn, orúkọ ọmọ yóò pọ́n, wọn yóò sì pe òbí rẹ̀ lórí fóònù. Bí fóònù kò bá lọ, ẹnìkan yóò fẹsẹ̀ rìn dé ilé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kùn pé wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní, "Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an nìyẹn."

Láníyonu, ìwọ ni mo pa ìtàn yìí fún, ìwọ akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa. O ní o ti fi ìkéde pé a fẹ́ pín ilẹ̀ oko ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ènìyàn. O ní àwọn opó márùn-ún kò fèsì, nítorí náà kí a pín ilẹ̀ láìsí tiwọn. O ti kọ ọ́ sínú ìwé pé a pè wọ́n. Mo bi ọ́, ta ló gbọ́ nínú wọn? Ọ̀kan kò ní fóònù mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Òmíràn kò mọ̀wé kà. O mọ èyí, èmi náà mọ̀ ọ́n. A kò tíì pe ẹni tí kò gbọ́. Má wí fún mi pé o ti ṣe tìrẹ.

Wọ bàtà rẹ. Lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, dúró títí wọn yóò fi ṣí i. Sọ ọ̀rọ̀ náà lójú wọn, kí o sì gbọ́ èsì wọn pẹ̀lú etí ara rẹ. Bí ó bá gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, a ó dúró. A kò ní ta okùn ìwọnlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà títí àwọn márààrún yóò fi jókòó láàárín wa.