Bí Àwẹ̀ró Ṣe Di Ìyá Olójìji

Ẹ̀yin ọmọ Olójìji, ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí àwọn òkè ṣì ń dàgbà, tí orúkọ àwọn odò kò tí ì pé, ni Àwẹ̀ró ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ wọlé ọkọ ní Òkè-Àgbá, obìnrin tí í fi òpó kan àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ ìgbà tí oòrùn yóò yọ, ìgbà tí yóò wọ̀, àti ìgbà tí òṣùpá yóò lé, ní ibikíbi tí a bá dárúkọ fún un. Àwẹ̀ró, a-ka-òṣùpá-bí-ẹni-ka-ẹyin, a-bi-òjìji-léèrè-kó-dáhùn.

Ìlú méjèèjì jagun títí ó fi sú wọn, wọ́n sì mulẹ̀ pé ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, bí oòrùn bá ti ń yọ, kí oníkálukú da omi tútù sílẹ̀ nílùú tirẹ̀, kí ó sì dáná kí ẹnìkejì rí èéfín. Ìlú tí ó bá pẹ́ ti dalẹ̀.

Ọdún kìíní pé. Olókè, ọba Òkè-Àgbá, a-bínú-bí-iná-ọyẹ́, dáná tirẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ títí kí èéfín tó yọ níbẹ̀. Kíá ló ní kí wọ́n de Àkànó, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ẹni tí ìsàlẹ̀ fi ṣe onídùúró ní ààfin. Ní ọ̀la ni yóò kú.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, nígbà tí oòrùn yọ sí wa, kò tí ì yọ sí wọn. Òkè wa ló dí wọn lójú."

Ọba bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, oòrùn mélòó ni ìyá rẹ bí?"

"Ọ̀kan ni, Kábíyèsí. Ilẹ̀ ló pọ̀. Ẹ rán àwọn ìránṣẹ́ yín sọ̀kalẹ̀ lónìí, kí àwọn fúnra wọn dáná níbẹ̀ lọ́la bí oòrùn bá ti kàn wọ́n lára. Ibi òkúta tí mo gbé kalẹ̀ yìí ni orí òjìji òpó mi yìí yóò wà nígbà náà. Bí ó bá fi ìka kan yẹ̀, ẹ pa mí mọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹnu ara rẹ lo fi dájọ́ yẹn o!"

Ilẹ̀ mọ́. Òjìji òpó nà gbọọrọ, ó ń súnkì díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá síbi òkúta. Àwẹ̀ró fọwọ́ lé òpó. Ó ń gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ tòrò bí omi àmù, nítorí ó ti ka òjìji òkè náà ní ìsàlẹ̀ láti kékeré, ó sì ti kà á lókè láti ìgbà tí ó ti wọlé ọkọ. Orí òjìji kan òkúta. Èéfín yọ ní ìsàlẹ̀.

"Ẹ tú u!" ni ọba ké. Nígbà tí ó yíjú sí Àwẹ̀ró láti tọrọ àforíjì, òjìji obìnrin náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òpó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ni ín. Oòrùn wọ̀, òjìji náà kò lọ. Ẹni tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé òjìji lọ́wọ́ ti bá òjìji lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Ìyá Olójìji, tí a sì ń bọ ọ́ nídìí òpó.

Ìdí rèé tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń ri òpó tirẹ̀, tí a kì í fi òkúta ojúbọ ìlú mìíràn ka òjìji tiwa, tí a ń fi omi tútù àti obì funfun bọ ọ́, tí ọmọ Olójìji kì í sì í tẹ òjìji ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì pẹ́ dé ojúbọ yìí, kí a tó dá a lẹ́bi, a ó kọ́kọ́ bi í pé: "Níbo ni ilẹ̀ ti mọ́ ọ?"