Kọ̀ǹpútà Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn

Ọkùnrin kan wà tí ń gẹrun jẹun. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ń kun mọ́tò. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn jù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá.

Ìdíje kan ń bọ̀ ní ìlú wọn. Ẹni méjì-méjì ni yóò máa bá ẹni méjì mìíràn jà nínú géèmù: ẹnì kan yóò máa lé ọ̀tá níwájú, ẹnì kejì yóò máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe géèmù ti ṣèlérí pé òun yóò gba àwọn méjì tí ó bá borí síṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ agẹrun ti sú u. Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, òórùn ọ̀dà mọ́tò ti ń dí i ní àyà.

Owó wọn kò tó ra kọ̀ǹpútà géèmù tuntun. Wọ́n da owó pọ̀, wọ́n ra kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tí wọ́n ti lò rí, wọ́n sì ń wá ohun èlò tí wọn yóò fi tún wọn ṣe lọ́dọ̀ àwọn tí ń tú kọ̀ǹpútà tó ti kú tà. Ohun tí wọ́n rí kó jọ dára, ṣùgbọ́n kò kárí. Fáànù tó lágbára, tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbóná, ẹyọ kan. Ṣájà wúwo tí ó lè gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan. Ṣájà kejì jẹ́ pẹlẹbẹ, irú èyí tí àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ń lò.

Agẹrun ni ó mọ kọ̀ǹpútà tú, òun náà ni ó sì pín in. Ó to gbogbo èyí tó dára sí tirẹ̀. Ó ní òun ni yóò wà níwájú, pé iwájú ni a ti ń borí, pé ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn kò ṣe ju kí ó dúró kí ó máa wò lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ṣájà pẹlẹbẹ náà, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn. "Ọ̀rẹ́, èyí á gbé géèmù báyìí?"

"Ṣé iná rẹ̀ ò tàn ni?"

"Ó tàn. Iná fìríìjì wa náà máa ń tàn, omi inú rẹ̀ kì í tutù."

"Ìwọ sáà kun mọ́tò, jẹ́ kí èmi tú kọ̀ǹpútà."

Ọ̀rẹ́ náà kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dìjà. Ó gbà. Owó díẹ̀ ṣẹ́ kù, ó sì tó ra ṣájà gidi mìíràn. Agẹrun fi ra pátákó ìtẹ̀wé tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń tan iná pupa àti iná àwọ̀ ewé, ó tò ó sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ní yóò dẹ́rù ba àwọn tí wọ́n fẹ́ bá jà.

Nígbà tí wọ́n ń dánra wò nílé, wàhálà kò sí, nítorí wọn kì í pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdíje, wọ́n ń borí. Bí wọ́n ti ń borí ni wọ́n ń pè wọ́n sí ìpele tó kàn láìsí ìsinmi. Kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ náà wà lórí iná, síbẹ̀ iná tí ó ń jẹ ju iná tí ṣájà ń gbé wá lọ, bátìrì rẹ̀ sì ń tán lọ. Ó sọ fún agẹrun. Agẹrun ní kí ó dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kù. Ó dín in kù títí tí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ohun tí ó ń ṣọ́ mọ́.

Ní àṣekágbá, kọ̀ǹpútà náà kú. Àwọn ọ̀tá gba ẹ̀yìn wọlé. Kọ̀ǹpútà agẹrun kò gbóná, kò sì lọ́ra. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Agẹrun rí bí wọ́n ṣe pa òun nínú géèmù náà dáadáa, kò sí ohun tó bò ó lójú. Àwọn méjì mìíràn ni ilé-iṣẹ́ gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sídìí ọ̀dà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́, bóyá o kò gbá géèmù rí. Ṣùgbọ́n nǹkan àjọni wà lọ́wọ́ rẹ tí ò ń pín, ẹnì kan sì wà tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ, nílé tàbí níbi iṣẹ́. O fún un ní èyí tó ṣẹ́ kù, o ní iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ó sọ fún ọ? Má bi í bóyá ó tó òun. Ẹni tí kò fẹ́ ìjà yóò ní ó tó. Gba ohun èlò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá le, kí o fi ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí kò bá tó ọ, kò tó òun náà. Lọ tún un pín.